Sìkírìnì Tí Mo Dá Padà

Orí itan ni mo gbé ojú kọ̀ǹpútà náà lé láti Ìkọ̀lé dé Adó. Dẹ́rẹ́bà ní kí n jẹ́ kí òun gbé e sí búùtù, mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní páálí yẹn ò ní jẹ́ kí ẹni tó jókòó tì mí ráyè mí, mo ní kí ẹni náà wọ ọkọ̀ mìíràn. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí inú bá ń bí mi, inú sì ti ń bí mi láti ọjọ́ Àìkú. Láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu títí a fi kọjá Ọ̀yẹ́, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà, èmi náà ò sì wá ọ̀rọ̀ wọn. Gbogbo kòtò tí táyà bá kó sí, àyà mi ló ń já. Sìkírìnì tuntun ni, pẹrẹsẹ, irú èyí tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà nígbà náà, tí kò yọ ìdí sẹ́yìn bíi ti tẹ́lẹ̀. A ò tíì lò ó tó ọ̀sẹ̀ kan tó ti ya wèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà lókè òkun ló fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Òun ni àkọ́bí Màmá, èmi ni àbíkẹ́yìn. Láti ìgbà tó ti lọ, Màmá ò fojú kàn án mọ́. Fóònù ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ohùn ọmọ òun ti tín-ín-rín. Èmi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní òtútù ni. Màmá ò gba ti ẹnì kankan nínú wa gbọ́. Ó ti gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn kan ń rí ọmọ wọn nínú kọ̀ǹpútà, ó ní òun náà fẹ́ rí tòun. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ló ń wí ṣáá. Ẹ̀gbọ́n mi ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la, kó tó di pé ó fi owó náà ránṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe láyé: kó wo ojú ọmọ rẹ̀, kó mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí, gbogbo wọn sì gbà pé ojú mi là jù nílé, ni èmi bá lọ rà á ní Adó. Mo ra kámẹ́rà kékeré àti módẹ̀mù íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, mo gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì ní yàrá ìgbàlejò. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, Màmá ò bọ́ gèlè, kò bọ́ bàtà. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń juwọ́.

Màmá wò ó títí. "Ta nìyí?"

"Àǹtí mi ni. Ẹ kí wọn."

"Ojú ọmọ mi kọ́ nìyí. Kí ló jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀?"

Lóòótọ́, ojú náà rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ó pupa rúsúrúsú bíi gàrí olépo, apá ọ̀tún sì ṣókùnkùn. Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn. Ó ní, "Ojú kọ̀ǹpútà yín ni, Màmá. Ó jọ pé èyí tó bàjẹ́ ni wọ́n tà fún un." Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, mo di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin. Mo gbé fọ́tò Bàbá wa tó ti kú sórí kọ̀ǹpútà náà kí n lè wò ó, òun náà pupa rúsúrúsú. Mo fi han Màmá. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Sìkírìnì ni." Ọkàn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Tèmi ò rọ̀. Mo búra pé ọmọkùnrin tó tà á fún mi máa gbọ́ ohùn mi.

Ó sì gbọ́ ọ. Ó ní bóyá jẹnẹrétọ̀ wa ló bà á jẹ́. Mo ní bóyá jẹnẹrétọ̀ bàbá tìẹ náà ló ba orí tìẹ jẹ́. Àwọn tó wá ra nǹkan dúró, wọ́n ń wò wá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ máà jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀," ó yára gbé òmíràn jáde, ó tàn án, ó mọ́ kedere, mo gbé e padà sílé.

Èyí náà ò jẹ́ ká gbádùn. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a ò tíì bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ jìnnà tí ìlà dúdú kan fi já wá látòkè délẹ̀, ó gba àárín imú rẹ̀ kọjá, ó sì ń fẹ̀ sí i. Màmá ń gbé orí sọ́tùn-ún, ó ń gbé e sósì, bí ẹni tó ń yọjú wo èèyàn lẹ́yìn òpó. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ń rí yín dáadáa, ìyẹn náà tó." Ó tún bẹ̀ mí pé kí n má da ara mi láàmú mọ́. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ṣùgbọ́n kí lèmi mọ̀ nígbà náà? Sìkírìnì ni mo bá ń jà.

Mo tún gbé e wọ ọkọ̀. Ọmọkùnrin náà bẹ̀ mí, ó ní òun ò ní èyí tó dáa nílẹ̀ mọ́, Èkó ni tuntun máa ti wá, kí n ṣe sùúrù. Sùúrù. Mi ò ní in. Ẹsẹ̀ mi ò gbélé lọ́sẹ̀ wọ̀nyẹn. Mo ń kọ́ ọmọ níwèé, mo ń jáde sí kọ́rídọ̀ láti pe Adó. Mo se ọbẹ̀, mo gbàgbé iyọ̀. Mo jókòó, mo dìde. Màmá ò sàn jù mí lọ. Á gbá àgbàlá, á padà lọ gbá ibi tó ti gbá. Ó lọ sóko ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu láti wa iṣu, ó padà dé pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo, ó ní òun dé ibẹ̀, òun kàn dúró ni. Tá a bá jókòó jẹun, á ní, "Ṣé o rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yẹn?" Màá ní, "Màmá, sìkírìnì ni." Á ní, "O ti wí bẹ́ẹ̀." A ó sì máa jẹun lọ.

Tuntun dé. Mo gbé e wálé, mo tò ó, mo gbé fọ́tò Bàbá sí i. Bàbá dúdú bó ṣe dúdú láyé rẹ̀, àmì ojú rẹ̀ yọ, iṣẹ́ ọrùn agbádá rẹ̀ yọ. Inú mi dùn dé gongo. Ọjọ́ Sátidé ni. Mi ò lè dúró dọjọ́ kejì, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo ní, "Àǹtí, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ o. Ó mọ́ bí omi. Lọ́la, eyín ẹnu yín la máa kà lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó ní, "Ẹ ṣeun."

Lọ́jọ́ Àìkú, ohùn rẹ̀ wá, òun ò wá. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri. Ó ní kámẹ́rà òun ló bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣì bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní òun máa ra òmíràn tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Màmá jókòó síwájú òkùnkùn yẹn pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara ilé kejì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Èmi ń fọwọ́ lu tábìlì. Mo ti ń múra láti bá ẹni tó ta kámẹ́rà fún un lọ́hùn-ún jà.

Nígbà tí mo pa jẹnẹrétọ̀, Màmá ò dìde lórí àga. Èdè ìlú wa ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ gidi. Ó ní, "Kámẹ́rà rẹ̀ ò bàjẹ́."

Mo ní, "Màmá, wọ́n ní ó bàjẹ́."

"Nígbà tí a ò ríran dáadáa, ó jẹ́ ká rí òun. Ìgbà tí o sọ fún un pé a ti ń ríran ló sá pamọ́. Ara ọmọ mi ò le. Ẹ̀jẹ̀ mi tó ń ru ló ń bẹ̀rù, ìyẹn ni ò ṣe fẹ́ sọ." Ó wo sìkírìnì tuntun náà bí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. "Gbé èyí kúrò. Lọ gba èyí tó bàjẹ́ padà."

Ẹ̀rín pa mí kó tó di pé ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí la fẹ́ fi ẹrù bíbàjẹ́ ṣe? Kó kàn sọ fún un pé tuntun náà ti bàjẹ́, ó parí. Ta ló máa wá wò ó?

"Èmi, kí n purọ́ fún ọmọ mi?"

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Màmá, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìyá tó jẹ́ pé tó bá ń ta iṣu, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ibi tó jẹrà síta fún oníbàárà. A ti pàdánù oníbàárà nítorí ẹ̀ kọjá sísọ. Ó ní, "Gbé èyí tí kò dáa wá sínú ulé yìí. Tó bá ti wà níwájú mi, tí mo bá ní kò dáa, òótọ́ ni mo sọ. Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran."

Ni mo bá tún forí lé Adó. Mi ò bá dẹ́rẹ́bà jà lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin náà rí mi látòkèèrè, ó dìde dúró, ó ń wá ibi tó máa gbà.

Mo ní, "Èyí àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó pupa. Ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ó ní ó wà, wọn ò tíì gbé e lọ sí Èkó. Ó ní kí ló tún ṣe é?

"Òun ni mo fẹ́."

"Àǹtí, èyí tí ẹ torí ẹ̀ bú bàbá mi?"

"Òun náà ni. Jọ̀ọ́. Yá mi ni, màá dá a padà." Mi ò mọ̀ pé ohùn mi lè rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè bóyá ara mi yá. Mo ní, "Ìyá mi ló ní kí n wá gbà á," kò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Ó gbọn eruku orí páálí nù, ó bá mi gbé e dé ẹ̀bá ọ̀nà.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Màmá jókòó síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, sìkírìnì tó wà níwájú mi yìí ò dáa o. Apá kan ṣókùnkùn, ìyókù pupa bíi tìjọ́sí." Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ nínú ẹ̀rín náà pé ara tù ú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ jẹ́ n wò ó bóyá kámẹ́rà mi á jí." Lójú ẹsẹ̀ ló jí. Òun rè é, ó we ìborí, ó pupa, ó rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ, apá kan ojú rẹ̀ sì wà nínú òkùnkùn. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé fún un: ta ló bímọ, ta ló kọ́lé, bí òjò ṣe ń rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti gbàgbé ara. Ó jọ pé ooru mú un nínú yàrá rẹ̀. Ó nawọ́ sórí, ó họ ọ́, ó sì ṣí ìborí náà kúrò bí ẹni tó dá wà.

Kò sí irun kan níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó fá a. Ẹni tó fárí, èèyàn á ṣì rí àmì ibi tí irun wà. Tirẹ̀ ń dán ni. Sìkírìnì burúkú náà ò lè bo ìyẹn. Mo mọ ohun tó ń fa irú èyí, torí olùkọ́ kan níléèwé wa ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn, oògùn náà ló fa irun tirẹ̀ tu. Mo fẹ́ pariwo, mo fẹ́ dìde, mo fẹ́ wá ẹni tí màá bá jà, kò sì sí ẹni náà. Màmá di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, ó fún un débi pé èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ohùn rẹ̀ ò yí padà. Ó ń sọ pé iṣu ọdún yìí dáa, pé òun ti ya ti àkọ́bí òun sọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ wa. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀ ń rí mi rárá?"

"Rárá, ọmọ mi," ni Màmá wí. "N kò rí nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìborí náà sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì béèrè ẹni tó bá wa wa iṣu lọ́dún yìí.