Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Àwo

Iṣẹ́ oúnjẹ sísè ni iṣẹ́ Ìyá Àwo, àmọ́ èèyàn kankan ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ló ń sè é fún, nínú yàrá tóóró kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìwádìí. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Á po ìyẹ̀fun mọ́ omi nínú ìgò, á sè é nínú ìkòkò onídèérí líle, á jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, á wá dà á sínú àwọn àwo pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tó bá tutù, á dì bíi jẹ́lì, àwọn kòkòrò á sì máa jẹun lórí ẹ̀. Orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́, inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan ló kù sí.

Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò le kó má yé èèyàn. Nínú kòkòrò kọ̀ọ̀kan ni DNA wà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ gbogbo bó ṣe máa gbé ayé rẹ̀ sí. Bí nǹkan bá ṣe okùn náà léṣe, kòkòrò á sáré rán an pọ̀, ohun tí èèyàn bá sì fi ìkánjú rán, ẹ mọ̀ pé wíwọ́ ló máa wọ́. Ìgbà mìíràn, wíwọ́ yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí oògùn tó pa bàbá rẹ̀ ràn án mọ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé: bí aláìsàn bá lo oògùn díẹ̀díẹ̀, èyí tó ṣe kòkòrò léṣe àmọ́ tí ò pa á, ṣé ọgbẹ́ yẹn ló ń sọ kòkòrò di olórí kunkun? Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé oyè dókítà ló di ọ̀rọ̀ yìí mú. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyẹn, ojoojúmọ́ sì ni oyè náà ń sọ pé ó di ọ̀la, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Dókítà Lọ́la.

Kí wọ́n tó lè mọ kòkòrò tó ti lágídí, Ìyá Àwo gbọ́dọ̀ po oògùn apakòkòrò mọ́ oúnjẹ náà. Èyí tó bá hù lórí ẹ̀, òun ni oògùn ò ràn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Tóo bá da oògùn sí i nígbà tó ṣì gbóná jù, ooru á ba oògùn jẹ́. Tóo bá sì jẹ́ kó tutù jù, á dì mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú ìgò. Tẹ̀mómítà wà lára ògiri o, àmọ́ Ìyá Àwo ò kí i rí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń lò. Á gbé ìgò lé e, á ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá gbà á mọ́ra, ó tó nìyẹn. Ọ̀gá ilé ìwádìí, ọkùnrin tí kì í gba nǹkan gbọ́ láìwọ̀n ọ́n, fi odindi oṣù kan yọ́ kẹ́lẹ́ wọn ìgò rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò bá àṣìṣe kankan níbẹ̀, ó sì dá tẹ̀mómítà padà sára ògiri.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Àwo da ọ̀wọ́ àwo kan láàárọ̀, ó fi bírò búlúù sàmì sí wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ó wọ súwẹ́tà, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ sọ fún un pé kó lọ sílé láìparí iṣẹ́, ẹ máa gbọ́ tiyín. Ó gbé ìgò kejì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kà dé ẹ̀wá, ó po oògùn mọ́ ọn, ó dà á, ó fi bírò pupa sàmì, ó tó wá relé lọ sùn.

Dókítà Lọ́la kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àwo búlúù, ó fi kòkòrò tí wọn ò ṣe léṣe sí i. Nígbà tí búlúù tán, ó fi èyí tí wọ́n ṣe léṣe sórí pupa. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mẹ́ta mẹ́rin péré ló hù lórí búlúù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó hù lórí pupa ò ṣeé kà. Ọmọ náà figbe ta. Ọ̀gá sáré wọlé, ó wo àwo, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀, ó wá jó ìṣísẹ̀ méjì níbi tó dúró sí. Irú èsì bẹ́ẹ̀, tí ìdánwò ẹnu fún oyè sì ku oṣù méjì!

Dókítà Lọ́la pe Ìyá Àwo lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Mà, àwo yín ti gbà mí là!" Ibà ti dá obìnrin náà dùbúlẹ̀ sílé, àmọ́ ó gbàgbé ibà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé tíì wá fún un. Bó ṣe mọ́ ọn lára, ó gbé ife lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́." Ó gbé e mu, ó sì jó o lẹ́nu.

"Mọ́mì! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò lórí iná ni! Ara yín ló gbóná tí nǹkan gbígbóná ò fi jọ yín lójú."

Ìyá Àwo gbé ife sílẹ̀. Ìgò ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń rò. Bó bá jẹ́ pé ibà ti wà lára òun nígbà yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti purọ́ fún òun nìyẹn, oògùn inú àwo pupa ti bàjẹ́, kò sì sí kòkòrò tí ò ní hù níbẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò rò ó láti dákẹ́. Ó rò ó dáadáa. Ta ló máa mọ̀? Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Ọdún mẹ́rin ọmọ ọlọ́mọ wà nínú àwo yẹn, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ó ń rò ó pé àwọn dókítà máa ka èsì yìí, wọ́n á sì gbé e lé aláìsàn lórí. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó wọ súwẹ́tà, ó lọ.

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún Dókítà Lọ́la àti ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọmọ náà kò dáa. "Ta ló bi yín? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀, ẹ ò sì lè dákẹ́! Ẹ ti dàgbà jù fún iṣẹ́ yìí, ẹ sinmi nílé!"

Ọ̀gá ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ìyá Àwo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná." Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá dà, ó máa ń fi àwo méjì pamọ́ sí fíríìjì. Ó kó pupa àti búlúù jáde, ó ní kí wọ́n fi kòkòrò tí ohunkóhun ò ṣe rí sí gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n máa fi padà wò wọ́n, ohun tó wà lórí búlúù ò ju mẹ́rin lọ. Pupa kún bámú. Èsì ńlá ti wọmi.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni Dókítà Lọ́la ò fi kí i. Èmi ò ní gbà á, àmọ́ Ìyá Àwo ń da àwo tuntun fún un láràárọ̀, ó ń ti tẹ̀mómítà bọ ìgò kọ̀ọ̀kan, ó ń da àwo ọ̀wọ́ kan pọ̀ mọ́ ti èkejì kí ọmọ náà má baà lo ọ̀wọ́ kan ṣoṣo fún irú kòkòrò kan. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kòkòrò tí wọn ò ṣe léṣe, mẹ́ta mẹ́rin. Èyí tí wọ́n ṣe léṣe, mọ́kànlá, méjìlá. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ jó, àmọ́ kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ ìdánwò ẹnu pé. Obìnrin àgbà kan tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló ń bi í ní ìbéèrè, ẹni tí wọ́n ní kì í rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àwo ló ń tàn ọ́ jẹ?"

Dókítà Lọ́la ro gbogbo rẹ̀ fún wọn: èsì àkọ́kọ́, ìgò, ibà, àwo pupa. Kò fo ọ̀rọ̀ tó fi bú àgbàlagbà. Obìnrin àgbà náà ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó da àwo wá.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Àwo, ó rò pé ẹjọ́ ló dé. Ó mú ìwé tó ń kọ ọ̀wọ́ àwo sí lọ́wọ́, ó ti ṣí i sí ojú ìwé ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í ní nǹkan. Ẹnu ọ̀nà ló ti ní, "Èmi ni, mà. Ara mi ò yá lọ́jọ́ náà, mi ò sì fi tẹ̀mómítà wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi jẹ ọmọ yìí níyà."

Obìnrin àgbà náà dìde dúró. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń wá àṣìṣe kiri nínú iṣẹ́ àwọn èèyàn, mà. Kò sí ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé tiẹ̀ wá bá mi rí."

Dókítà Lọ́la fa àga tí òun fúnra rẹ̀ jókòó lé, ó gbé e fún un, ó sì sọ níwájú gbogbo wọn pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Mo bínú," ni Ìyá Àwo wí, ó sì jókòó. "Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bínú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ní àwo tí mo fẹ́ dà."