Bàbá Tó Ń Sọ Lẹ́tà Lórúkọ

Yéè! Ó dìgbà o, Bàbá mi. Ó di gbére, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ ya lẹ́tà a-b-d tí a fi ń tẹ̀wé títí kọ̀ǹpútà fi dé, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa lẹ́yìn Ọjà Ọba, l'Óṣogbo.

Ẹbí lẹ́tà tẹ́ ẹ yà pọ̀ ju ẹbí wa lọ. Ìrísí kan náà ni gbogbo wọn, àmọ́ òmíràn há, òmíràn fẹ̀, òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn nípọn. Ẹ sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbú ṣáájú, ìwọ̀n ara tẹ̀ lé e, láti Híhá Tẹ́ẹ́rẹ́ títí dé Fífẹ̀ Nínípọn, ààyò yín. Bí mo bá ṣi ọ̀kan pè, ẹ ó ní, "Orí ẹ ti dàrú. Ṣé wọ́n ń pe ọmọ ṣáájú bàbá ni?" Èmi ọmọ yín wá ńkọ́? "Ìwọ yìí" lẹ ń pè mí.

Ẹ mọṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ òkú. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń fojú tín-ín-rín wo èèyàn. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin pé Fífẹ̀ Nínípọn ni ti ìjòyè nínú ìwé ìsìnkú, Híhá Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ti ẹni tí kò já mọ́ nǹkan. Bí ọlọ́fọ̀ bá wọlé, bàtà rẹ̀ lẹ kọ́kọ́ ń wò.

Nígbà tí ìyá mi kú, ọmọ Ọ̀tan-Ilé tó ń ká ìwé, tó ń gán an fún yín títí ìka wọn fi wọ́, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín pé kí n fi Fífẹ̀ Nínípọn tẹ orúkọ wọn. Ẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Híhá Tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó fún un. Oyè wo ló jẹ?" Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n wọn gbé ìwé náà sún mọ́ ojú títí, wọn ò rí orúkọ àbúrò wọn kà. Ó dùn mí dé egungun. Ó ṣì ń dùn mí.

Lórí àìsàn, ẹ di ọwọ́ mi mú. "Mojí, má gbàgbé o, Fífẹ̀ Nínípọn ni tèmi." Ọjọ́ yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí orúkọ mi. Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ ń gbé ìwé yìí sún mọ́ ojú, kò sí ohun tó ṣe ojú yín. Bàbá, Híhá Tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi tẹ orúkọ yín. Ìbú ló ṣáájú, ìwọ̀n ara ló tẹ̀ lé e, n kò ṣì í pè. Oyè wo lẹ jẹ?

Ẹ rọra fún ara yín mọ́ inú lẹ́tà híhá yẹn, kẹ́ ẹ sì sùn re o.

Èmi, "Ìwọ yìí"