Ìbẹ̀wò Méjì sí Ilé Rùfáì

Ọdún 1980 ni Rùfáì káfíńtà gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ máa yá àwọn ará oko lówó láti fi kọ́lé. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún méjìlá ní Arimogija, níbi tó ti ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé fún àwọn àgbẹ̀. Yàrá alámọ̀ méjì ni òun, Kúbúrá ìyàwó rẹ̀, ìyá Kúbúrá àti ọmọ márùn-ún ń sùn. Páànù ilé náà ti dípẹtà débi pé bí òjò bá ṣú, ẹní ni wọ́n kọ́kọ́ ń ká.

Ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀. Veronica, akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà, bá a kọ fọ́ọ̀mù, ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ sílé. Ẹnì kan máa wá wo ilé yín."

Nígbà tí Kúbúrá gbọ́, àyà rẹ̀ já. Láti kékeré rẹ̀, wolé-wolé nìkan ló mọ̀ tí ìjọba ń rán wá wo ilé, tó ń yọjú sínú ìkòkò omi, tó sì ń gbé ẹni tí ilé rẹ̀ bá dọ̀tí lọ sí kóòtù.

"Bàbá Múdàṣírù, kí la ṣe tí ẹ fi lọ pè wọ́n wá?"

"Owó ni wọ́n fẹ́ yá wa."

"Wọn ò wá gbọdọ̀ bá wa nínú ìdọ̀tí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú Rùfáì. Kúbúrá rẹ́ ògiri, ó fi ẹfun kun iwájú ilé, ó sì yá àga mẹ́rin lọ́wọ́ Láníyì, tíṣà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn. Rùfáì fi pátákó dí ibi tó ń jò. Lọ́jọ́ tí àlejò ń bọ̀, wọ́n kó ìyá àgbà àtàwọn ọmọ lọ sóko.

Ignatius lorúkọ ọkùnrin tó wá. Ó yí ilé ká, ó jókòó, ó mumi.

"Ẹ kú ìtọ́jú ilé o. Ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀yin mélòó lẹ ń gbé níbí?"

"Àwa méjì péré ni, sà," ni Kúbúrá yára dáhùn.

Inú Rùfáì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà dé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ilé rẹ̀ dára, owó náà kò sì tọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí Láníyì kà á fóun. Kò yé e. Ó tún wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀.

"Màdáàmù, ọkùnrin yẹn yin ilé mi."

"Ìdí nìyẹn, Bàbá. Ẹni tí ilé rẹ̀ ò dáa ni owó yìí wà fún."

"Ṣé kí n lọ da ìdọ̀tí síbẹ̀ ni?"

"Ìdọ̀tí kọ́ o! Ilé tí ò dáa. Àmọ́ kó má burú jù, kí wọ́n lè gbà pé ẹ lágbára láti san án padà."

"Kó má dáa, kó má sì burú jù. Báwo ni tèmi ṣe máa wá rí?"

Veronica fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ sáà jẹ́ kó rí bó ṣe ń rí lójoojúmọ́. Màá ní kí wọ́n padà wá."

Kúbúrá sunkún ìtìjú nígbà tó gbọ́. Wọ́n dá àga Láníyì padà, Rùfáì yọ pátákó tó fi dí òrùlé, ṣùgbọ́n Kúbúrá ní kò sẹ́ni tó máa ní kóun má gbálẹ̀, ó sì gbá a.

Nígbà tí Ignatius padà wá, ènìyàn mẹ́jọ ló bá nílé. Ẹ̀rù ba Rùfáì pé wọ́n máa ní òun purọ́ fún ìjọba.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ̀rù wolé-wolé ló bà wá."

Ignatius wọ inú yàrá. Ó wo òkè, ó rí ojú ọ̀run gba inú páànù. Ó ka fèrèsé tuntun tí Rùfáì ń kàn fún ilé ìwé kan ní Ifon, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì lọ. Kò yin ohunkóhun. Rùfáì gbà pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé pé wọ́n ti gbà láti yá a lówó. Rùfáì rò pé Láníyì ṣì í kà ni, ó gbé e lọ fún ẹlòmíràn kà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1982, yàrá mẹ́ta onísìmẹ́ǹtì dúró, ìyá Kúbúrá sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn aládùúgbò ń wá bi í pé kí làwọn máa sọ táwọn náà fi máa rí owó gbà. Rùfáì á họ orí. Kò mọ̀ bóyá òrùlé tó ń jò ni wọ́n wò, tàbí fèrèsé tó ń kàn, tàbí pé Ignatius kàn ṣàánú ìyá àgbà. Ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun máa sìn wọ́n lọ sí Ọ̀wọ̀, kí Veronica tún ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo àwọn pọ̀.