Ẹni Tó Dáhùn Nínú Ọgbà Àjàrà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé irọ́ ni, ẹ tètè dìde kúrò nídìí ọ̀rọ̀ yìí, torí mi ò ráyè àríyànjiyàn. Mi ò mutí. Mi ò sùn. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì wà lókè. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, etí mi ló sì gbọ́ ọ.

Ẹ má sì wò ó pé iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní Plumstead, ní London níbí, kẹ́ ẹ wá rò pé òkú tí mo ti rí ló dà mí lórí rú. Mo ti rí òkú, lóòótọ́. Àmọ́ òkú tí mo mọ̀ kì í dá èèyàn lóhùn.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Mummy Bùnmi. Thamesmead là ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan náà là ń lọ. Ọkọ rẹ̀, Daddy Bùnmi, ló máa ń dárin fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí àìsàn fi gbé e dè. Àìsàn yẹn jẹ ẹ́ títí ó fi ku egungun. Èmi ni mo ka orúkọ rẹ̀ sétí ìjọ lọ́jọ́ ìsìnkú, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi bu yẹ̀pẹ̀ lé e. Ó kú, kò sí àní-àní níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mummy Bùnmi ò jẹun dáadáa mọ́, kò sì rẹ́rìn-ín. Tá a bá ń kọrin, ẹnu rẹ̀ á kàn máa mì ni. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé yóò tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ gidi ò pọ̀ nílùú òyìnbó yìí, mi ò sì fẹ́ pàdánù èyí tí mo ní.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fà á lọ síbi táwọn obìnrin kan ti ń kọ́ kẹ̀kẹ́ létí adágún odò ní Thamesmead. Èmi tí mo tóbi báyìí! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pẹ́pẹ́yẹ gan-an sá fún mi. Mo ṣubú gbì, Mummy Bùnmi sì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní tó bá jẹ́ pé ìṣubú mi ló máa mú un rẹ́rìn-ín, màá máa ṣubú lọ ni.

Bá a ṣe dẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn nìyẹn. Nígbà tó di àsìkò ìkórè, a dágbére fún Bùnmi, ọmọ rẹ̀, a kọjá Abbey Wood, a gba Erith àti Dartford, a sì wọ àárín àwọn abúlé Kent. Ọgbà àjàrà ló wà lórí àwọn òkè ibẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Inú Bíbélì nìkan ni mo ti mọ ọgbà àjàrà tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àwọn òyìnbó ti gbìn ín sẹ́yìnkùlé wa báyìí.

Ó dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Ọ̀nà tóóró, ilé olókùúta, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí koríko ti bo àwọn sàréè rẹ̀. Ìyá òyìnbó arúgbó kan juwọ́ sí wa láti ojú fèrèsé. A jókòó síwájú ilé ọtí kan, a jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Wọ́n fi wáìnì lọ̀ wá, a ní omi náà ti tó.

Nígbà tá a tún gbéra, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, oòrùn sì rọ̀. Mò ń tẹ kẹ̀kẹ́, mi ò sì mọ̀ pé mò ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń tòògbé, bẹ́ẹ̀ ojú mi là sílẹ̀ kedere. Kò sí ọkọ̀, kò sí èèyàn, ẹyẹ gan-an dákẹ́. Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ ibẹ̀ tutù lójú débi pé mi ò fura.

Nísàlẹ̀ òkè kan, a rí ọkùnrin dúdú kan tó ń ká àjàrà, òun nìkan, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó ń fi àlùmọ́gàjí gé e sínú agbọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. A kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i, kódà kó má gbọ́ èdè wa. Ẹnu mi ti là kí n tó ronú.

“Ẹ kú iṣẹ́ o!”

“Ọ̀ọ̀, ẹ kú ìrìn o,” ló dáhùn láìwẹ̀yìn. “Ẹ rọra o.”

Kẹ̀kẹ́ mi yà sínú koríko. Kì í ṣe Yorùbá tó sọ ló bà mí lẹ́rù, Yorùbá wà níbi gbogbo. Ohùn yẹn ni. Ohùn tó máa ń dárin fún wa ni.

Ọkùnrin náà yíjú. Daddy Bùnmi ni. Mi ò ní ó jọ ọ́ o, òun gan-an ni, pẹ̀lú èjí iwájú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bó ṣe rí kí àìsàn tó dé. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ pé òun ti ṣàṣìṣe. Ó ti sá wá síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀kọ́ ilé ló tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé ti gbọ́ nípa àkúdàáyà, ẹni tó kú tán tó tún lọ ń gbé nílùú òkèèrè bí ẹni tí ohunkóhun ò ṣe. Ìyá àgbà mi máa ń sọ pé ó lè pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀, ó di àwátì nìyẹn. Ìyá àgbà tún ní ẹni tó bá ń bá a rìn, díẹ̀díẹ̀ ló máa fi fà á lọ.

Mummy Bùnmi ti sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó ti kúnlẹ̀.

“Daddy Bùnmi,” ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọkùnrin náà ò parẹ́. Ìgbà yẹn ló yé mi. Látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ọ̀rẹ́ mi ò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Ìyàwó wo nínú wa ló ń pe orúkọ ọkọ? Orúkọ ọmọ ló fi ń pè é. Kó máa pè é bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́, kò ní lọ síbì kankan.

Èmi nìkan ni mo lè pè é níbẹ̀.

“O ti rù o,” ni ọkọ rẹ̀ sọ.

“Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi, sir.”

Ó na ìdì àjàrà kan sí i. “Gbà, jẹ èyí. Jókòó díẹ̀.”

Ẹ̀yin ará, a kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ òkú. Kódà tó bá jẹ́ lójú àlá, àdúrà la máa ń sáré lọ gbà. Mo di apá ọ̀rẹ́ mi mú.

“Please, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ ro ti Bùnmi.”

“Ẹ fi mí sílẹ̀, sister mi. Just small. Ẹ jẹ́ kí n wò ó.”

Orúkọ yẹn ti dé orí ahọ́n mi. Tí mo bá pè é, ọ̀rẹ́ mi á bọ́, àmọ́ èmi ni màá ti pa ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì níṣojú rẹ̀. Daddy Bùnmi wò mí. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn rọra ń wò mí, bó ṣe máa ń wò mí tí mo bá ṣi orin kọ. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí, mo pa ẹnu mi dé.

Mummy Bùnmi jẹ ẹyọ kan. Ó dijú, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dára ju gbogbo èyí tí mo ti fi ìṣubú mi rà lọ.

Bá a ṣe délé, mi ò lè rò ó délẹ̀ fún yín. Mo rántí pé wọ́n jókòó sáàárín àjàrà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, oòrùn sì dúró lójú kan. Nígbà tí ojú mi máa wálẹ̀, a ti wà ní Abbey Wood, ọ̀rẹ́ mi sì ń kọrin.

Látìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń gun kẹ̀kẹ́ jáde, kò sì pè mí mọ́. Ojú rẹ̀ ń dán, àmọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ ló ti tóbi jù fún un. Lánàá, Bùnmi wá bá mi níbi iṣẹ́.

“Auntie, what's going on with mum?” ló rọra sọ. “She's happy, I swear, àmọ́ kò jẹ nǹkan kan. Grapes nìkan. This Saturday, ó ní òun máa sleep over. Ṣé o mọ ibi tó ń lọ?”

Mo ní mi ò mọ̀.

Ẹ gbọ́ o. Tẹ́ ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ gba àárín àwọn abúlé yẹn, tẹ́ ẹ kí ẹni kan kú iṣẹ́, tó sì dáhùn lédè wa, ẹ má dúró wo ojú rẹ̀. Ẹ má gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì bi mí lórúkọ Daddy Bùnmi. Mi ò mẹ́nu bà á látìgbà tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀la ni Sátidé, mo ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà kẹ̀kẹ́ mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹnu mi á là tí mo bá débẹ̀.