Màmá mi ní àwọn ò jẹ obì

Màmá mi dójú tì mí níwájú dókítà láàárọ̀ yìí!

Látìgbà tí kòrónà ti ṣe wọ́n, bí wọ́n bá rìn díẹ̀, àyà wọn á máa lù kìkìkì. Mo bá fipá mú wọn lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù.

Dókítà ní, "Kòrónà yẹn ló da ọkàn yín láàmú, mà. Obì sì máa ń mú un sáré sí i. Ṣé ẹ máa ń jẹ ẹ́?"

Ìyá tó ti ń ta obì kí wọ́n tó bí mi ní, "Rárá o."

"Màámi!"

"Mo kàn ń tọ́ ọ wò fún oníbàárà ni. Ìyẹn kì í ṣe jíjẹ. Ọ̀kan péré nínú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan."

"Apẹ̀rẹ̀ mélòó lójúmọ́, mà?"

"Bí ogún."

Dókítà gbé bírò kalẹ̀.

Èmi ni màmá mi wá ní kí n máa tọ́ ọ wò báyìí. Mo ti tọ́ mẹ́fà wò, àyà tèmi náà ti ń lù. Ta ló fẹ́ gbaṣẹ́?