Ọjọ́ Àáró Ìyá Ràfíù

Ẹnì kan ń gé koríko lẹ́yìn ilé mi ní Hanwa, ní Zaria níbí, láàárọ̀ yìí, òórùn koríko tútù sì gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè ní ó dùn ún gbọ́. Ní tèmi, mo dìde, mo ti fèrèsé.

Nígbà tí àwọn alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ ṣọ́jà, Muchia, ní Zaria kan náà, là ń gbé. Àwọn Yorùbá tó yí wa ká jẹ́ olùkọ́ yunifásítì bíi bàbá mi, àti àwọn oníṣòwò Ìlọrin tí Zaria ti mọ́ lára débi pé Hausa ni wọ́n fi ń bá ọmọ wọn wí. Málàm Audu, àgbẹ̀ Hausa kan, yá wa ní ilẹ̀ lọ́nà Shika, a sì pín in láti ilé dé ilé. Àdéhùn kan ṣoṣo ló bá wa ṣe: ẹni tí tirẹ̀ bá digbó, òun Málàm yóò gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àáró la fi ń ro oko náà. Bí gbogbo wa bá péjọ sí oko ẹnì kan ní Sátidé yìí, ó di ti ẹlòmíràn ní Sátidé tó ń bọ̀, títí yóò fi kárí. Ẹni tó ni ọjọ́ ló ń se oúnjẹ. Bàbá mi ni wọ́n fi ṣe alága, nítorí pé òun ló ní fèrè. Ó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ sóko, ó sì máa ń ṣàlàyé ìtumọ̀ àáró fún àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń ro ó.

“Dókítà,” Ìyá Ràfíù á ní, “ọkọ́ nìyẹn o, kì í ṣe bírò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

Bàbá mi pàápàá á rẹ́rìn-ín.

Opó ni Ìyá Ràfíù. Ọkà bàbà àti ẹ̀pà tó ń gbìn sórí ilẹ̀ yẹn lòun àtàwọn ọmọ rẹ̀ fi ń rí oúnjẹ jẹ. Ràfíù, àkọ́bí rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ mi. Obìnrin yìí kì í pa ọjọ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, tirẹ̀ ló kàn gbẹ̀yìn.

Sátidé rẹ̀ gan-an ni ìrẹsì ìjọba dé Sabon Gari, ìrẹsì òkèèrè olówó pọ́ọ́kú. Gbogbo Muchia gbé àpò, wọ́n lọ tò.

“Àáró Ìyá Ràfíù ńkọ́?” ìyá mi béèrè.

“A ó sún un síwájú. Koríko ò ní sá lọ,” bàbá mi dá a lóhùn.

Òótọ́ ló sọ. Koríko ò sá lọ.

Ràfíù ló sọ ìyókù fún mi nílé ìwé. Ìyá rẹ̀ ti ro tuwo, ó ti se ọbẹ̀ kúkà, ó ru ìkòkò lọ sóko. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ jókòó tì í lábẹ́ igi. “Bóyá wọ́n ń dúró kí ìrì gbẹ,” ni obìnrin náà ń wí. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko náà fúnra rẹ̀. Tuwo ọ̀hún ni wọ́n ń jẹ títí ó fi kan.

Òjò dé, kò dá. Nígbà tó dá, alága pe ìpàdé lórí ìdí tí àáró fi dàrú. Ìpàdé náà dàrú. Kí wọ́n tó rántí ọkọ́, koríko ti ga ju ọkà bàbà lọ, ẹ ò lè rí ẹ̀pà mọ́.

Málàm Audu wá wò ó. “Haba, Ìyá Ràfíù, àdéhùn wa ńkọ́?”

Obìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un. Málàm gba ilẹ̀ rẹ̀. Kí ìkórè tó parí, Ìyá Ràfíù kó àwọn ọmọ rẹ̀ sórí lọ́rì alálùbọ́sà, wọ́n kọrí sí Ìlọrin. Ràfíù jókòó sórí àpò, ó kẹ̀yìn sí mi. N kò tún rí i mọ́.

Ní ọdún kejì, ọjọ́ bàbá mi ló ṣáájú. Ó fọn fèrè láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì dá a lóhùn láti inú yàrá. Èmi, òun àti ìyá mi nìkan la ro ilẹ̀ náà. Gbogbo wọn ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó tún fẹ́ fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣáájú.

Ìrẹsì ìjọba náà ò tọ́jọ́. Lónìí, ilé ti kún orí ilẹ̀ Málàm Audu, oúnjẹ wa sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tó bá wá. Ohun tó kù nínú àáró wa ni ìdáhùn tí wọ́n fún bàbá mi láti inú yàrá. Mo ṣì ń gbọ́ ọ níbikíbi tí a bá ti pe ara wa síṣẹ́: “À ń bọ̀.”