Ilẹ̀kùn Kejì: Ìrìn Àjò Wa sí Ẹ̀yìn Òkè-Oyì

A kírun àsùbáà tán ni èmi àti Awáwù, ọmọ mi obìnrin, jáde nílé wa ní Adéwọlé. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni mo fi ti ilẹ̀kùn iwájú. Ti ẹ̀yìn kò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́. Búlọ́ọ̀kù ni mo fi dí i ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí àwọn adigunjalè gba ibẹ̀ wọlé, tí wọ́n ṣá mi ládàá léjìká. Ọlọ́run ló ní n kò ní kú. Láti ìgbà náà, ìró bàtà lásán máa ń já mi láyà.

Ọmọ ogún ọdún ni Awáwù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í wo ojú èèyàn, ariwo sì máa ń dà á láàmú. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ibi tí yóò máa gbé bí èmi náà bá lọ ni mo ń wá. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń kọ́lé fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Òkè-Oyì.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí èèyàn kan ni bọ́ọ̀sì gbà. Mo sanwó àga mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má baà fara kan án. Dẹ́rẹ́bà bojú wẹ̀yìn.

"Alàgbà, ọmọ yín ò kí wa o."

"Ọ̀rọ̀ ni kò wù ú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tèmi ìbá ṣe bíi tirẹ̀ fún ọjọ́ kan péré."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Awáwù fọwọ́ di etí.

Ní Òkè-Oyì, a ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan. Nígboro, a máa ń dín in kó pọ́n ni. Tiwọn kò tíì kan epo, ó funfun, omi rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Awáwù jẹ mẹ́rin. A wá rin ọ̀nà oko, erùpẹ̀ pupa, fún bí ìdajì wákàtí.

A bá Màmá Rúùtù, nọ́ọ̀sì náà, níbi tó ti ń ṣọ́ àwọn bíríkìlà. Awáwù kò kúnlẹ̀. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Awáwù. Níbí, ẹni tó bá wù ló ń kí èèyàn."

Ó ní òyìnbó ń pe ìṣẹ̀dá irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ọ́tísíìmù. Bẹ́ẹ̀ ni Rúùtù ọmọ tirẹ̀ náà rí, tó ń to òkúta léra nítòsí wa.

Yàrá mẹ́fà ló yí àgbàlá ká, bí agbo ilé tiwa. Ó kan páálí sábẹ́ páànù kí ìró òjò lè dín kù. Ìdílé kan yóò máa bá wọn gbé, àwa òbí yóò sì máa pín ọjọ́ iṣẹ́ láàárín ara wa. Ohun kan ló bà mí lẹ́rù: yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan sí àgbàlá, èkejì sí ẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ̀yìn ni olè máa ń gbà."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá kún pálọ̀ yín, ibo ni Awáwù ń gbà jáde?"

"Àárín wọn ni. Kó sì kí wọn."

"Bí kò bá lè ṣe é ńkọ́?"

Mo rántí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wa. Láti ìgbà tí mo ti dí ilẹ̀kùn yẹn ni Awáwù ti ń forí gbá ògiri bí àlejò bá dé. Mo rò pé ara rẹ̀ ni kò yá.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Awáwù ti wọ yàrá kan. Ó gba ẹ̀yìn jáde, ó yí ilé po, ó gba iwájú wọlé, ó tún gba ẹ̀yìn jáde. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo bẹ Màmá Rúùtù kó fi yàrá náà sílẹ̀ fún wa. Ó ní ó di lẹ́yìn òjò kí ilé tó parí.

A padà dé Adéwọlé kí ìrun alásàárì tó pé. Mo rí i pé ògiri tí mo fi gba ara mi là ni mo fi há ọmọ mi mọ́. N kò lè ní kó dúró di ẹ̀yìn òjò. Mo yá òòlù lọ́wọ́ aládùúgbò; mo ń fọ́ búlọ́ọ̀kù, Awáwù sì ń kó àfọ́kù rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà gbé ilẹ̀kùn tuntun síbẹ̀.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà kò sí lọ́wọ́ mi. Ọrùn Awáwù ló wà.